Àpótí méjì nínú Windows: ọ̀kan ń fún fáìlì pọ̀, èkejì ń tì í pa. Kí ló dé tí n kò lè máàkì méjèèjì?

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní àdúgbò wa ní Òṣogbo. Orí láptọ́ọ̀pù ilé mi ni gbogbo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà: orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà báńkì wọn, BVN àwọn kan, ẹni tó yá owó àti ẹni tó ṣe onídùúró fún un, pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wọn. Àyè ti fẹ́ tán lórí hádì dísìkì, àwọn ọmọ mi náà sì ń fi kọ̀ǹpútà yìí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nǹkan méjì ni mo ń wá: kí fódà yìí má gbàyè tó bó ṣe ń gbà á yìí, kí ẹlòmíì má sì lè ṣí i.

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà, mo yan Properties, mo tẹ Advanced. Àpótí kékeré méjì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ti òkè ní òun á fún un pọ̀ kí àyè lè ṣẹ́ kù, ti ìsàlẹ̀ ní òun á tì í pa kí nǹkan inú rẹ̀ lè ní ààbò. Bí mo bá ti máàkì ọ̀kan, máàkì èkejì á yọ fúnra rẹ̀. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ló ti ń bàjẹ́ ni? Tòkunbọ̀ ni, Windows 10 Pro ló wà lórí ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Tèmi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n tẹ ti ìsàlẹ̀ yẹn rárá. Àwọ̀ eérú ló ní, kò dáhùn. Mo jókòó síbí, mò ń retí ìdáhùn.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣe kọ̀ǹpútà yín. Bí wọ́n ṣe ṣe NTFS nìyẹn, ìyẹn ètò tí Windows fi ń to fáìlì sórí dísìkì. Fáìlì kan kò lè gba méjèèjì pọ̀ níbẹ̀: bó bá gba fífún pọ̀, kò ní gba títì pa. Ìyá Ìbejì, Windows Home ló wà lórí tiyín. Wọn ò jẹ́ kí Home lo àpótí ìsàlẹ̀ yẹn. Àwọn tó ni Pro àti èyí tó jù ú lọ ló lè lò ó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ló rò pé ohun kan náà ni méjèèjì, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ki aṣọ mọ́ inú Ghana-Must-Go ti jẹ́ kó gba àyè díẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fa síìpù àpò náà á rí aṣọ. Ẹni tó kó aṣọ sínú àpótí onírin, tó fi àgádágodo sí i, aṣọ tiẹ̀ ò kéré sí i rárá. Ọwọ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló kàn wà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fún fáìlì pọ̀. Kọ̀ǹpútà ń wá ohun tó tún ara rẹ̀ sọ. Bí mo bá kọ pé «ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú alẹ́», kò ní kọ «ẹ kú» lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún kàn án, á ní kí ẹni tó ń kà á padà sẹ́yìn tó báyìí, kó mú lẹ́tà tó báyìí. Abraham Lempel àti Jacob Ziv ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1977. Ọgbọ́n kejì dàgbà jù ú lọ, ti David Huffman ni, lọ́dún 1952: lẹ́tà tó wọ́pọ̀ gba àmì kúkúrú, èyí tó ṣọ̀wọ́n gba gígùn. Phil Katz, ará Amẹ́ríkà tó gbé zip (àpò tí wọ́n ń fún fáìlì pọ̀ sí) jáde lọ́dún 1989, wá da méjèèjì pọ̀ nígbà tó yá, òun la sì ń lò dòní. Nínú zip, ẹ̀yìn tí kọ̀ǹpútà lè wò kò ju 32 KB lọ. Kò sí lẹ́tà kan tó ń sọnù níbẹ̀: bẹ́ ẹ bá tú u, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa jáde.

Títì pa yàtọ̀. Ìṣirò ni, tó ń po inú fáìlì pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ kan títí kò fi ní sí ohun tó jọra wọn mọ́ níbẹ̀. AES ni gbogbo ayé ń lò. Ará Belgium méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló ṣe é, ìjọba Amẹ́ríkà sì gbà á wọlé lọ́dún 2001. Ibi tí méjèèjì ti kọlu ara wọn nìyẹn. Ọ̀kan ń wá àtúnsọ kó tó lè ṣiṣẹ́. Èkejì, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti pa àtúnsọ rẹ́ ráúráú. Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ti fáìlì pa, kò ní sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù tí ẹ máa fún pọ̀. Ẹ fún un pọ̀ ná, kẹ́ ẹ tó tì í.

Ní báyìí, èwo ni kí Akọ̀wé máàkì? Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní máàkì ìkankan.

Ti òkè kò ní ṣe yín ní àǹfààní kan tó tó nǹkan. Fáìlì Excel àti Word òde òní, àwọn tí orúkọ wọn parí sí xlsx àti docx, zip ni wọ́n láti ilé wá. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan, ẹ pa xlsx tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ rẹ́, ẹ kọ zip síbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí i: fódà wẹ́wẹ́ lẹ máa bá nínú rẹ̀. Fọ́tò jpg náà ti di fífún pọ̀ kó tó kúrò nínú kámẹ́rà. Ohun tí wọ́n ti fún gbẹ, kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́.

Ti ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. EFS lorúkọ ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé pẹ̀lú àkáǹtì yín, á ṣí fáìlì fún un láì bi í ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ yín tó ń lo àkáǹtì kan náà kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ ti ohunkóhun pa. Bẹ́ ẹ bá so fáìlì náà mọ́ ímeèlì, ó ti tú kó tó kúrò nílé. Èyí tó burú jù ni pé inú Windows yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá ṣàìsàn, tí oníṣẹ́ kan ní «ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀», tí ẹ kò sì tọ́jú ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ náà síbòmíì, ó parí. Kódà bẹ́ ẹ gba fáìlì yẹn là lórí dísìkì, orúkọ rẹ̀ á hàn, ìwọ̀n rẹ̀ á pé, kò ní ṣí mọ́ láéláé. Bí ẹlòmíì bá fi agbára alábòójútó yí pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì yín, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀. Oníbàárà ti gbé irú rẹ̀ wá bá mi rí, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ torí kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì tiwọn fún àwọn ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba àkókò. Ẹ̀yìn ìyẹn la máa sọ̀rọ̀ nípa 7-Zip, sọ́fítíwìà tó ń fún fáìlì pọ̀, tó tún ń tì í pa.

Fọ́tò_Àrà

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìdí nìyẹn tí fódà fọ́tò ìgbéyàwó tí mo sọ di zip fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín kù rárá? Ẹnìkan ní kí n tún sọ zip yẹn di zip lẹ́ẹ̀kejì, pé á kéré sí i.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ má dá ẹni náà lóhùn. Zip nínú zip kì í kéré, ó lè tiẹ̀ fi ìwọ̀nba díẹ̀ tóbi sí i, torí gbogbo àpò ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Fídíò MP4 àti orin MP3 rí bákan náà. Àwọn tó máa ń dín kù dáadáa ni ọ̀rọ̀ lásán (txt, csv), fọ́tò bmp, àti àkọsílẹ̀ tí sọ́fítíwìà àtijọ́ ń kọ sílẹ̀.

Àwọn jpg yẹn, ẹ lè dín wọn kù, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ni, ó sì ní ohun tó ń gbà. JPEG máa ń jù díẹ̀ nínú fọ́tò nù, ìyẹn ohun tí ojú kì í sábà rí. Bẹ́ ẹ bá ní kó jù púpọ̀ sí i nù, fáìlì á kéré, àmọ́ ohun tó lọ ti lọ, ẹ ò lè tú u padà bíi ti zip. Oníbàárà tó bá fẹ́ tẹ fọ́tò ńlá sára ògiri lọ́dún tó ń bọ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ tọ́jú ojúlówó síbi kan, kẹ́ ẹ fi èyí tó kéré ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Zip ṣì wúlò fún yín o: ó ń sọ ọgọ́rùn-ún fọ́tò di fáìlì kan ṣoṣo tí ẹ lè fi ránṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì

Ó wá yé mi! Ilé-ìwé àwọn ọmọ ní kí n gbé fọ́tò wọn sórí pọ́tàlì, kó má ju 200 KB lọ. Mo sọ ọ́ di zip, pọ́tàlì ò gbà á. Mo rò pé iná ló ń dà á láàmú.

Àbúrò_Dátà

Àǹtí, fọ́tò ni pọ́tàlì ń retí, kò mọ zip. Ẹ fi Paint ṣí fọ́tò náà, ẹ tẹ Resize, ẹ yan Pixels, kẹ́ ẹ fi ìbú rẹ̀ sí bíi 600. Ẹ fi orúkọ mìíràn pa á mọ́ bíi jpg. Kò sábà kọjá 200 KB mọ́ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìwé ni, bíi ìwé ẹ̀rí ọjọ́-ìbí tí ẹ fẹ́ sọ di PDF, orí ẹ̀rọ skánà ni kẹ́ ẹ ti dín in kù. Ẹ sọ fún ọmọ kafẹ́ kó fi sí 150 tàbí 200 dpi, kó yan dúdú-òun-funfun. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi sí 600 pẹ̀lú àwọ̀, wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ sanwó kí àwọn tún bá yín fún un pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí àwọn ojú-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní àwọn á bá yín fún PDF pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ ìwé tí NIN tàbí fọ́tò ọmọ wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíì lẹ ń gbé ìwé yín lọ yẹn. Ẹ ò mọ ẹni tó ni ín, ẹ ò sì mọ ìgbà tó máa pa á rẹ́.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣí àkáǹtì fún àwọn ọmọ. Ṣé mo wá lè fi Send to, Compressed folder ti Windows ṣe é, kí n fi pásíwọ́ọ̀dù sí i?

Àbúrò_Dátà

Rárá sà. Zip tí Windows ń ṣe fúnra rẹ̀ kò ní ibi tí ẹ ti lè fi pásíwọ́ọ̀dù sí i. Ó ní in láyé Windows XP, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò tipẹ́.

7-Zip ni kẹ́ ẹ lọ mú, ọ̀fẹ́ ni. Igor Pavlov, ará Rọ́ṣíà, ló ṣe é, ó sì ti wà láti 1999. Orí 7-zip.org gan-an ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ má gbà á lórí ojú-ìwé tó ń fi sọ́fítíwìà mìíràn há a lára. Bó bá ti wọlé tán, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fódà yín, ẹ lọ sí 7-Zip, ẹ yan Add to archive. Lórí Windows 11 ó lè sá pamọ́ sábẹ́ Show more options.

Fèrèsé ńlá kan á ṣí. Àwọn tó kàn yín níbẹ̀ kò pọ̀. Níbi Archive format, ẹ yan 7z. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù yín lẹ́ẹ̀mejì lápá ọ̀tún. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ máàkì Encrypt file names. Ìyẹn ṣe pàtàkì sà, torí bẹ́ ẹ kò bá máàkì rẹ̀, ẹni tí kò mọ pásíwọ́ọ̀dù kò ní lè ṣí fáìlì o, àmọ́ á rí gbogbo orúkọ wọn. Bí ẹ bá ní fáìlì tó ń jẹ́ «àwọn-tí-kò-tíì-san-gbèsè», ọ̀rọ̀ ti jáde nìyẹn. Ẹ wá tẹ OK. Á kọ́kọ́ fún un pọ̀, á sì tì í pa pẹ̀lú AES-256, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ kan Delete files after compression. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ojúlówó fódà yín ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ọmọ_Ìkirè

WinRAR lèmi ń lò ní tèmi. Ó ní ọjọ́ 40 ti kọjá, kí n wá sanwó, èmi náà tẹ Close, a sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ọdún wo la ti wà níbẹ̀ yẹn 😂

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Ọmọ Ìkirè, ìwọ àti gbogbo ayé ni! WinRAR dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Títì pa tiẹ̀ lágbára. Àmọ́ ọjà títà ni, ó sì tọ́ kéèyàn sanwó rẹ̀. Ní ti ẹgbẹ́ tó ń gba owó ará àdúgbò, kí akọ̀wé lo ohun ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́.

AdéPeckham

Ẹ kú ìjíròrò o. Àbúrò mi ní Ìbàdàn fi ìwé ilẹ̀ bàbá wa ránṣẹ́ sí mi nínú zip tó ní pásíwọ́ọ̀dù. Windows 10 mi ṣí i láì sí wàhálà. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wá ní tí Windows fúnra rẹ̀ bá lè ṣí i, a jẹ́ pé ìtìpa àtijọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Òótọ́ ni. Oríṣi ìtìpa méjì ló wà fún zip. Ti àtijọ́, ZipCrypto, ti já láti 1994, nígbà tí Eli Biham àti Paul Kocher fi hàn pé ẹni tó bá mọ díẹ̀ lára ohun tó wà nínú fáìlì lè tú gbogbo ẹ̀ láì mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ fáìlì ni ìbẹ̀rẹ̀ wọn sì máa ń jọra, torí náà «mímọ díẹ̀» kò le tó bó ṣe dún. Ti tuntun ni AES. Windows 10 mọ ti àtijọ́, kò mọ ti tuntun, ìdí tó fi ṣí tiyín wọ́ọ́rọ́wọ́ nìyẹn.

Àdánwò wà nínú 7-Zip náà: bẹ́ ẹ bá yan zip dípò 7z, ZipCrypto ló máa gbé síwájú yín níbi Encryption method. Ẹ fọwọ́ ara yín yí i sí AES-256. Ẹni tó máa gbà á á nílò 7-Zip tàbí irú rẹ̀ kó tó lè ṣí i. Lórí fóònù Android, ZArchiver ń ṣí i.

Ẹ sì bi àbúrò yín ọ̀nà tó gbà fi pásíwọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́.

AdéPeckham

Inú ímeèlì kan náà ló kọ ọ́ sí, nísàlẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Haa!

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Ìyá Ìbejì ti dáhùn 😅. Fáìlì á gba ímeèlì lọ, kẹ́ ẹ fi ẹnu sọ pásíwọ́ọ̀dù lórí fóònù. Ẹ fi tuntun ti ìwé ilẹ̀ yẹn pa, kẹ́ ẹ sì pa ímeèlì àkọ́kọ́ rẹ́ lápá méjèèjì. Gmail kì í gba ohun tó ju 25 MB lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí 7-Zip kọ Split to volumes sí wà fún gígé e sí wẹ́wẹ́, kí gbogbo abala rẹ̀ sì pé sínú fódà kan kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Olùkọ́_Èdè_Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí èdè Yorùbá ni mo ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, «e» lásán gba báìtì kan. «ẹ» gba mẹ́ta, bẹ́ ẹ bá sì fi àmì ohùn òkè lé e, ó di márùn-ún. Ìwé Yorùbá tó ní àmì péye máa ń wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ, ó sì máa ń dín kù dáadáa nínú zip, torí àwọn báìtì yẹn ń tún ara wọn sọ ṣáá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé fáìlì wúwo pa àmì ohùn tì.

Àmọ́ níbi méjì, ẹ fi àmì sílẹ̀. Èkíní, orúkọ fáìlì tó máa wọ inú zip. Sọ́fítíwìà àtijọ́ kan máa ń sọ ọ̀, ẹ̀ àti ṣ di àmì ìbéèrè nígbà tí ẹlòmíì bá tú u, ẹ ò sì ní mọ fáìlì tó jẹ́ ti ta ni mọ́. Èkejì ni pásíwọ́ọ̀dù. Ó wu èèyàn láti fi Yorùbá tó lámì ṣe é, ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ò ní rí àmì yẹn tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kafẹ́. Ẹ̀dà «ẹ́» tí fóònù yín ń kọ sì lè yàtọ̀ nínú sí ti láptọ́ọ̀pù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ò rí ìyàtọ̀ kankan. Pásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà á wá di èyí tí kò tọ̀nà.

Ọmọ_Ìkirè

Kí wá lèèyàn fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù, Tíṣà? Òwe ńkọ́?

Olùkọ́_Èdè_Ifẹ̀

Òwe wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, ó sì wà nínú ìwé. Bí ìwọ bá rántí rẹ̀, ẹni tó ń wá a náà á rántí. Mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bára tan rárá, láì lámì, kó o tò wọ́n pọ̀: irú bíi agbada-osupa-kannakanna-biriki-efinrin. Má lo èyí tí mo kọ yìí o, gbogbo èèyàn ti rí i.

AdéPeckham

Ìbéèrè mìíràn. Kí ló dé tí ẹ ò tiẹ̀ sọ pé kí Akọ̀wé lo BitLocker tó wà nínú Windows? Gbogbo dísìkì ló máa tì pa.

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Pro tí Akọ̀wé ní ló mú kó ṣe é ṣe, ó sì yẹ kó tàn án, àmọ́ iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti 7z. BitLocker ń dáàbò bo dísìkì nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní pípa. Olè tó bá gbé láptọ́ọ̀pù nínú bọ́ọ̀sì, tó yọ dísìkì rẹ̀, tó fi í sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kò ní rí nǹkan kan kà. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà tí ẹ wọlé, gbogbo fáìlì ti ṣí sílẹ̀, fáìlì tí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akápò á lọ ní ìhòòhò. Méjèèjì ń gbè ara wọn lẹ́sẹ̀ ni.

Ewu tó wà níbẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ìràpadà. Nọ́ńbà 48 ni, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, mẹ́fà-mẹ́fà. Bí ẹ bá pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, tàbí ẹnìkan yí nǹkan nínú BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé), Windows lè gbé ojú aláwọ̀ búlúù jáde kó ní kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà náà. Kò sí oníṣẹ́ kankan ní Computer Village tó lè mọ̀ ọ́n fún yín. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é, dísìkì ló fẹ́ fọ́máàtì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ kó o pọ̀ mọ́ ìwé ilé.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ìdí rèé tó fi yẹ kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ títí dé inú Windows lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn. Èyí tó bá gbé ojú búlúù yẹn jáde, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni í lókè òkun. Ẹ lè pa gbogbo dísìkì rẹ́ kẹ́ ẹ gbé Windows tuntun lé e, àmọ́ ẹ má san owó ẹ̀rọ tó ti ṣetán fún un.

Ìyá Ìbejì, Home náà ní tiẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun, Device encryption ni wọ́n ń pè é. Ó lè ti tan fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fi àkáǹtì Microsoft wọlé, kẹ́ ẹ má mọ̀. Ẹ lọ wò ó nínú Settings. Inú àkáǹtì Microsoft yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni nọ́ńbà 48 yẹn máa ń wà. Ẹ wá a kí ọjọ́ ìṣòro tó dé.

Agbẹjọ́rò_Ilé

Mo fẹ́ kí Akọ̀wé mọ̀ pé ohun tó ń ṣe yìí kọjá ìfẹ́ inú. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń tọ́jú dátà àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó, bí ó bá sì jábọ́ sọ́wọ́ tí kò yẹ, tó lè pa wọ́n lára, ó ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Ẹ bi ìgbìmọ̀ yín léèrè bí BVN tiẹ̀ pọn dandan nínú fódà yẹn. Ohun tí kò sí níbẹ̀, olè ò lè jí i.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Àgbà agbẹjọ́rò, ẹ ṣeun. Màá gbé ti BVN yẹn síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. 7z ti wà. Ṣé kí n wá pa fódà àtijọ́ rẹ́ báyìí?

Ẹnjiníà_Ìkẹjà

Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ 7z yẹn, ẹ yan Test archive nínú 7-Zip, kẹ́ ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù. Bó bá ní kò sí àṣìṣe, ẹ tú u síbòmíì kẹ́ ẹ ṣí fáìlì bíi mélòó kan wò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ẹ̀dà 7z náà sórí fláàṣì kan, kẹ́ ẹ fún alága ní ẹ̀dà mìíràn. Ìdí ni pé 7z máa ń so gbogbo fáìlì pọ̀ di ọ̀kan kó lè fún wọn pọ̀ dáadáa, torí náà bí ibi kékeré kan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, ó lè kó bá ọ̀pọ̀ fáìlì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ẹ tì pa kì í ṣe ìtọ́jú. Kòkòrò tó ń ti fáìlì èèyàn pa láti fi gba owó, irú WannaCry tó jà káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún 2017, lè ti 7z yín pa sórí títì tí ẹ ti tì í. Ẹ yọ fláàṣì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà bẹ́ ẹ bá ti ṣe tán.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ wá lè pa àtijọ́ rẹ́, kẹ́ ẹ sì da Recycle Bin nù. Ohun tí ẹ pa rẹ́ báyìí ṣì lè ṣe é hú jáde fún ìgbà díẹ̀, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ tan BitLocker.

Fọ́tò_Àrà

Tó bá ń fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí fáìlì náà lójoojúmọ́ ńkọ́? Ṣé á máa tú u, á máa tún un tì?

Àbúrò_Dátà

Ìyẹn ni 7z ò dáa fún. Bẹ́ ẹ bá ṣí fáìlì láti inú rẹ̀ tààrà, 7-Zip á tú ẹ̀dà kan tí kò ní títì pa sínú fódà Temp, ó sì lè gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ fẹ́ VeraCrypt. Ọ̀fẹ́ lòun náà, ó ti wà láti 2013, òun ló rọ́pò TrueCrypt tí wọ́n pa tì lọ́dún 2014. Ẹ máa dá fáìlì ńlá kan sílẹ̀, ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù ṣí i, á sì hàn lórí kọ̀ǹpútà bíi pé ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ni Excel á ti máa ṣí, ibẹ̀ náà lẹ máa pa á mọ́ sí. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ Unmount (Dismount ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀), ó ti tì. Kì í fún nǹkan pọ̀ o, títì nìkan ni iṣẹ́ tiẹ̀. Bí àkókò bá wà, màá kọ bí wọ́n ṣe ń tò ó síbí lọ́la.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Mo ń retí ẹ, àbúrò. Ẹ̀yin ará ilé, akápò wa ń lo Mac. Ṣé ó lè ṣí 7z yìí?

AdéPeckham

Ó lè ṣí i. Kó gba Keka tàbí The Unarchiver sórí Mac náà, méjèèjì mọ 7z tó ní pásíwọ́ọ̀dù. Bó bá tún fẹ́ ti gbogbo dísìkì tiẹ̀ pa, kó lọ tan FileVault nínú System Settings, kó sì kọ kọ́kọ́rọ́ ìràpadà tí Mac bá fún un sílẹ̀ kó tó tẹ Continue.